Aago kan òru ni wọ́n gbé Bàámi kúrò ní ICU

Ẹ ò rí mi lórí Facebook láti bí oṣù mélòó kan, àwọn kan nínú yín sì ti ń bi mí nínú inbox pé ṣé PhD yìí ò tíì pa mí. Kò tíì pa mí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ti ń jà gùdù nínú mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì mọ̀ pé tí mi ò bá kọ ọ́ síbí, mi ò ní lè padà sẹ́nu iṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ó gùn díẹ̀. Ẹni tó bá wà nínú bọ́ọ̀sì, kó fi í sílẹ̀ dìgbà tó bá délé.

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ pé nǹkan tó jẹ mọ́ dátà ìlera ni mò ń kà. Tí ẹ bá bi mí níbi ìkómọ pé kí ni mò ń ṣe gan-an, ohun tí mo máa ń sọ ni pé "kọ̀ǹpútà àti ọsibítù ni," kí n lè ráyè jẹ ìrẹsì mi. Lónìí màá ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa, torí pé láìsí àlàyé yẹn, ohun tí mo fẹ́ sọ nípa Bàámi ò ní yé yín.

Ní UK níbí, tí wọ́n bá gbé aláìsàn wọ ICU, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ti le kọjá wọ́ọ̀dù, tí ẹ̀rọ ń bá mí, tí nọ́ọ̀sì ń ṣọ́ tọ̀sán tòru, ẹnì kan wà tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ láti ka fáìlì aláìsàn náà kó sì yọ àwọn nǹkan kan jáde nínú ẹ̀ fún àkọsílẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọjọ́ orí ẹ̀, ibi tí wọ́n ti gbé e wá, àìsàn tó gbé e dé, àìsàn tó ti wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, nọ́ńbà tó burú jù lọ nínú gbogbo ohun tí wọ́n wọ̀n: bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń lù, ìfúnpá, èémí, bí ara ẹ̀ ṣe gbóná tàbí tutù tó, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, bóyá ó ń dáhùn tí wọ́n bá pè é. Nígbà tó bá kúrò, wọ́n á kọ ọjọ́ àti aago tó kúrò, ibi tó lọ, àti bóyá ó fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ jáde kúrò ní ọsibítù tàbí kò jáde láyé.

Àjọ tó ń kó èyí jọ fún England, Wales àti Northern Ireland ń jẹ́ ICNARC. Ọdún 1994 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Scotland ní tiwọn lọ́tọ̀ (ẹ mọ Scotland). Netherlands bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1996, Sweden ní tiwọn náà, Australia àti New Zealand sì jọ ń ṣe ọ̀kan pọ̀.

Mo mọ àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó jẹ́ pé iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti ṣe iṣẹ́ ICU fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ni wọ́n bá gbé e sídìí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún wọn pé irú dátà tí wọ́n ń kó jọ ni mò ń lò, wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. Wọ́n ní, "Ṣé ẹnì kan ń kà á ṣá? Mo rò pé inú kànga la ń jù ú sí." Ọjọ́ yẹn ni mo jókòó tì wọ́n, tí wọ́n fi yé mi bí nọ́ńbà ṣe ń di nọ́ńbà. Ẹnì kan kọ 37 tó dà bíi 31. Ẹ̀rọ bọ́ lára ìka aláìsàn, ọ́síjìn wá já wálẹ̀ lójijì lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ aláìsàn náà ń sùn jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹni tí kò bá dúró ti bẹ́ẹ̀dì rí ò lè mọ èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀ àti èyí tó yẹ kó yọ. Àwa tí à ń fi dátà gba PhD, orí irú àwọn èèyàn yìí la dúró lé, orúkọ wọn kì í sì í sí nínú nǹkan tí à ń tẹ̀ jáde.

Kí wá ni wọ́n ń fi gbogbo ẹ̀ ṣe? Ẹ jẹ́ kí n fi bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún Màámi ṣàlàyé ẹ̀ fún yín.

Ká ní ọsibítù méjì wà. Nínú 100 èèyàn tó wọ ICU àkọ́kọ́, 30 kú. Nínú 100 tó wọ ìkejì, 15 kú. Ta ló dáa jù? Gbogbo èèyàn á ní ìkejì. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń gbé àwọn tí apá ò ká mọ́ níbòmíì lọ ńkọ́? Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ fi nọ́ńbà wákàtí 24 yẹn ṣe ìṣirò bí àìsàn kálukú ṣe le tó. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, William Knaus, àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló gbé irú ìṣirò yìí jáde ní 1981, wọ́n pè é ní APACHE. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni APACHE II tó jáde ní 1985. Máàkì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 títí dé 71, bó bá ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ ń le sí i. UK ti ní ìṣirò tiwọn báyìí, tí wọ́n ṣe láti ara àwọn aláìsàn tiwọn. Tí ìṣirò bá ní 20 ló yẹ kó kú nínú 100 èèyàn tó wọ ICU yín, tó wá jẹ́ pé 15 ló kú, ẹ kú iṣẹ́. Tó bá jẹ́ 27, ẹ jókòó kí ẹ ronú.

Ibi tí Màámi ti dá mi dúró nìyẹn. "Àkànní, ta ló yẹ kó kú?" Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Màámi, ìṣirò ni. Wọ́n ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ n rí ìṣirò yẹn." Mo ti wá ọ̀rọ̀ míì tí màá máa fi pè é ní Yorùbá, mi ò tíì rí. Ẹni tó bá ní, kó bá mi fi sílẹ̀ nísàlẹ̀.

Wọn kì í sì í kàn to ọsibítù bíi kíláàsì, kí wọ́n ní ẹni yìí gbé ipò kìíní, ẹni yìí gbẹ́yìn. Wọ́n máa ń ya àwòrán kan tó dà bí àrọ tí àwọn ìyá wa fi ń rọ epo sínú ìgò, tí wọ́n bá dà á dùbúlẹ̀. Ọsibítù kéékèèké wà níbi ẹnu ẹ̀ tó fẹ̀, torí pé tí aláìsàn ò bá pọ̀, ikú méjì péré lè mú kí nọ́ńbà fò sókè tàbí já wálẹ̀. Àwọn ńlá wà níbi ọrùn ẹ̀ tó tín-ín-rín. Èyí tó bá bọ́ síta àrọ náà ni wọ́n máa kọ lẹ́tà sí. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n ń pààyàn. Nígbà míì, tí wọ́n bá wádìí, dátà ni wọn ò kọ dáadáa. Ọgbọ́n àrékérekè náà sì wà níbẹ̀ o: tí ẹ bá kọ pé aláìsàn yín le ju bó ṣe le lọ, ẹ̀yin ni nọ́ńbà yín á dáa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń yẹ dátà wò léraléra, tí wọ́n á dá a padà fún irú àǹtí yẹn pé kí wọ́n tún un wò.

Ṣé kíkà lásán ń wo èèyàn sàn? Rárá o. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ní Michigan ní Amẹ́ríkà, Peter Pronovost àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ mú nǹkan kan ṣoṣo: kòkòrò tó ń gba ara rọ́bà tí wọ́n tì bọ inú iṣan ńlá wọnú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n fọwọ́, kí wọ́n bo aláìsàn dáadáa, kí wọ́n fi chlorhexidine nu ara, kí wọ́n yẹra fún iṣan ìtan tó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n sì yọ rọ́bà náà tí kò bá wúlò mọ́. Wọ́n ń kà á lóṣooṣù. Ìwádìí wọn jáde ní 2006: àárín gbùngbùn nọ́ńbà wọn já láti 2.7 nínú 1000 ọjọ́ tí rọ́bà fi wà lára, ó di òdo láàárín oṣù mẹ́ta. England náà gbé irú ẹ̀ ṣe láàárín 2009 sí 2011, tiwọn náà dín kù gan-an, àmọ́ àwọn tó kọ ìròyìn ẹ̀ fúnra wọn sọ pé ó jọ pé ó ti ń dín kù bọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ràn irú òótọ́ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún rántí 2020. Mo ṣì wà nílé nígbà náà, àmọ́ àǹtí wa sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń kọ dátà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. ICNARC ń gbé ìròyìn jáde lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ nípa àwọn tí Kòrónà gbé dé ICU. Kò pẹ́ tó fi hàn gbangba pé bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn kì í ṣe òyìnbó, bẹ́ẹ̀ la ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rárá láàárín ìlú. Lóṣù kẹrin ọdún yẹn, ìjọba ní kí Public Health England lọ wádìí ẹ̀. Àwọn èèyàn wa ti ń gbọ́ ìròyìn òkú lórí WhatsApp kí ìyẹn tó jáde, àmọ́ ìròyìn WhatsApp kò ṣeé gbé síwájú mínísítà. Àpótí kékeré tí wọ́n ti ń béèrè pé ẹ̀yà wo lo jẹ́, èyí tí gbogbo wa máa ń bínú sí, òun ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn di nọ́ńbà. Èmi náà ti máa ń yan "mi ò fẹ́ sọ" tẹ́lẹ̀. Mo ti jáwọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, ta ló gbà wọ́n láàyè láti kó ọ̀rọ̀ ara wa jọ? Ìbéèrè tó dáa ni. Ẹni tí wọ́n ti rọ́bà bọ̀ lọ́nà ọ̀fun ò lè fọwọ́ síwèé. Òfin kan wà níbí láti 2006, ìpín 251 ẹ̀ ló gbà wọ́n láàyè láti lo irú dátà bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé aláìsàn kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ìgbìmọ̀ kan sì ń yẹ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ẹ wò. Ẹni tí kò bá fẹ́ lè ní kí wọ́n yọ tòun kúrò. Èmi ò rí orúkọ ẹnikẹ́ni rí. Ìlà lórí ìlà ni mò ń rí, ìlà kan fún ẹnì kan.

Ó wá kan iṣẹ́ tèmi.

Nínú àwọn nǹkan tí wọ́n fi ń díwọ̀n ICU kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan wà tó jẹ́ pé aago ni wọ́n ń wò: èèyàn mélòó ni wọ́n gbé kúrò ní ICU lọ sí wọ́ọ̀dù láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago méje àárọ̀? Ní 2000, Goldfrad àti Rowan tẹ ìwádìí kan jáde nínú Lancet. Wọ́n rí i pé láti ìparí àwọn ọdún 1980 dé ìparí 1990, iye àwọn tí wọ́n ń gbé kúrò lóru ju ìlọ́po méjì lọ, àti pé àwọn tí wọ́n gbé lóru ń kú ju àwọn tí wọ́n gbé lójú mọmọ lọ. Àwọn dókítà fúnra wọn gbà pé púpọ̀ nínú wọn ò tíì tó gbé kúrò. Bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń wá. Ní 2007, NICE, àjọ tó ń fi ìlànà ìtọ́jú lélẹ̀ ní England, ní kí wọ́n yẹra fún un, àti pé tó bá di dandan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ohun àìda tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ohun àìda tó ṣẹlẹ̀.

Ọdún kejì PhD mi ni mo kọ́kọ́ kà á, nínú láíbúrérì, mo sì dìde jáde síta nínú òtútù láìwọ kóòtù.

Bàámi kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2017. Ọmọ ọdún 57 ni wọ́n. Tíṣà ìṣirò ni wọ́n (ẹ rí i pé kì í ṣe ojú ọ̀run ni mo ti já bọ́). Inú rírun ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń lo oògùn kẹ́mísì fún bí ọjọ́ mẹ́rin, nígbà tí wọ́n fi máa gbé wọn dé ọsibítù, ìfun ti lu. Ọsibítù ńlá ni, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ẹ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn lóru ọjọ́ náà, wọ́n sì gbé wọn wọ ICU. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀. Èmi wà nílé ìwé, ìdánwò là ń ṣe, wọ́n ní kí n má wá, pé ara ti ń yá. Ara sì ń yá lóòótọ́. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohùn wọn há, wọ́n bi mí bóyá mo ti san owó hostel.

Lóru ọjọ́ kẹrin, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá, ọkọ̀ ló gbá a. Kò sí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà ọ̀dọ́ kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wo aláìsàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wò ó pé Bàámi ni ara ẹ̀ le jù nínú wọn. Wọ́n tì wọ́n lọ sí wọ́ọ̀dù. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ní ìdájí, wọ́n kú.

A ò jà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Dókítà yẹn wá bá Màámi lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú, ó kúnlẹ̀, Màámi sì fà á dìde. Ohun tí ìdílé wa gbà ni pé àkókò tó. Àwọn ẹ̀gbọ́n Bàámi ní ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ ni gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́. Bọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò ka aago tí wọ́n gbé wọn kún nǹkan kan. Èmi náà ò kà á kún, títí di ọjọ́ láíbúrérì yẹn. Mi ò tiẹ̀ mọ aago náà. Mo kàn mọ̀ pé "lóru" ni.

Fún ọdún kan gbáko lẹ́yìn ìyẹn, mò ń fi dátà àwọn òyìnbó wá ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ Bàámi, mo sì ń pè é ní thesis. Súpáfáísọ̀ mi ló kọ́kọ́ rí i. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Ó ka orí tí mo kọ, ó ní ó dà bíi pé mo ti mọ ìdáhùn kí n tó ṣí dátà. Ó sì tọ̀nà. Torí pé ọ̀rọ̀ òru yìí kò rọrùn bí mo ṣe fẹ́. Àwọn olùwádìí kan fi dátà Australia àti New Zealand hàn pé tí a bá ka bí ara aláìsàn ṣe rí lọ́jọ́ tó kúrò, tí a sì yọ àwọn tí wọ́n ti pinnu pé wọn ò ní dá wọn padà sí ICU, òru fúnra ẹ̀ kò dá nǹkan púpọ̀ ṣe. Nígbà tí àwọn míì kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pa pọ̀, wọ́n ní òru ṣì léwu. Ṣé òru ló ń pa wọ́n ni, àbí àwọn tí ara wọn ò tíì dá ni wọ́n ń gbé lóru? Àbí wọ́ọ̀dù ni, níbi tí nọ́ọ̀sì méjì ti ń ṣọ́ ogún èèyàn? Ohun tí mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ mi báyìí nìyẹn, láìfi ti ẹnikẹ́ni ṣe.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo pe Màámi, mo sì béèrè ohun tí mi ò tíì béèrè láti ọjọ́ yìí. Mo ní, "Màámi, ṣé ẹ rántí aago tí wọ́n gbé Bàámi kúrò níbi ẹ̀rọ?"

Wọ́n ní, "Kí ni mo fẹ́ rántí sí? Mo kọ ọ́ sílẹ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Màámi mọ̀ pé aṣọ ni wọ́n ń tà, wọ́n sì ní ìwé sixty leaves kan tí wọ́n ń kọ gbèsè sí, èyí tí táímù tébù wà lẹ́yìn ẹ̀. Òun ló wà nínú báàgì wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Bàámi lọ sọ́sibítù. Òun ni wọ́n ṣí sí òdì kejì. Wọ́n ya fọ́tò ojú ìwé mọ́kànlá sí mi lórí WhatsApp, àtàǹpàkò wọn wà nínú mẹ́ta. Gbogbo oògùn tí wọ́n rà àti iye ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí iná lọ àti ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ gbé. Lójoojúmọ́, wọ́n bi nọ́ọ̀sì léèrè ìfúnpá, wọ́n sì kọ ọ́: 90/50, 100/60, 110/70. Ìtọ̀: kékeré, kékeré, ó pọ̀ díẹ̀, ó pọ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo ń wo bí ara Bàámi ṣe ń bọ̀ sípò nínú lẹ́tà gbàgàdà Màámi.

Lẹ́yìn náà ni ojú ìwé kẹsàn-án:

1:10 òru wọn gbe kuro. Omo kan lo wa nibe, oko gba a, Olorun ba wa wo o.
1:25 oksijin ko ti de.
1:40 ko ti de. Mo lo ba noosi.
2:05 o de.

Ìṣẹ́jú 55.

Mo ka ojú ìwé yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo mọ̀ pé dátà ò lè sọ fún mi ohun tó pa ẹnì kan. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, mo sì ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ míì. Ó lè sọ pé nínú 1000 èèyàn tí ara wọn rí báyìí, tí wọ́n gbé lóru, mélòó ló kú. Kò lè nawọ́ sí ọ̀kan. Ó ṣeé ṣe kí Bàámi kú bí ọ́síjìn bá tiẹ̀ ti dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Kòkòrò ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n wà láyé lónìí, kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí mi àti ìyàwó yọ mí lẹ́nu.

Nígbà tí mo padà pe Màámi, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé òun náà ló pa wọ́n?"

Mo ní, "Màámi, mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ mọ́."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé kò dáa. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyẹn. Mo rò pé ẹnì kan á béèrè."

Ó di ọdún mélòó báyìí. Kò sẹ́ni tó béèrè. Kì í ṣe torí pé àwọn tó wà níbẹ̀ jẹ́ ìkà. Kò sí àpótí tí wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sí ni. Dókítà yẹn kúnlẹ̀ fún ìyá mi, ó sì padà lọ síbi tí bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ṣì wà, láìní nǹkan kan lọ́wọ́ tó lè gbé síwájú ẹnikẹ́ni láti fi sọ pé, ẹ wò ó, ìgbà báyìí la ti gbé èèyàn jáde lóru lọ́dún yìí, ẹ fún wa ní bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi ọ́síjìn sí wọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló ti wà níbí pẹ̀lú wa báyìí. Mo ń pàdé wọn ní Tesco.

Ẹ má sì sọ fún mi pé irú ẹ̀ ò lè ṣeé ṣe nílé. Ní UCH Ìbàdàn, láti nǹkan bí ọdún 1960 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tó ní jẹjẹrẹ sílẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú òyìnbó ò tíì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé Cancer Incidence in Five Continents àkọ́kọ́ jáde ní 1966, Ìbàdàn wà nínú ẹ̀. Sri Lanka tí kì í ṣe ìlú olówó ti ń kọ dátà ICU wọn, àwọn ICU kan ní Áfíríkà náà sì ti dara pọ̀ mọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò gba kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Ó gba ẹnì kan tó máa jókòó lójoojúmọ́ bí àǹtí ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí wọ́n máa sanwó fún, tí ẹnì kan sì máa ka ohun tó kọ. Mo ti ń bá dókítà mẹ́ta sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, méjì nílé, ọ̀kan níbí. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ICU nílé nínú yín, tàbí tó mọ ẹni tó ń ṣe é, kó kàn sí mi nínú inbox. Mi ò ní owó. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń to dátà ni.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo ṣí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò níbí, mo sì gbìyànjú láti fi ìwé Màámi kọ ti Bàámi sínú ẹ̀. Ọjọ́ orí, mo kọ ọ́. Àìsàn, mo kọ ọ́. Ìfúnpá, mo kọ ọ́. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, òfo. Kíndìnrín, òfo, ìtọ̀ nìkan ló wà. Sódíọ̀mù, òfo. Ìṣirò ò lè jáde. Àmọ́ níbi tí wọ́n ti ń béèrè aago tó kúrò ní ICU, mo kọ 01:10, fọ́ọ̀mù náà sì yí pupa fúnra ẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tó bá jẹ́ òru.

Mo sọ fún Màámi pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má sọ ìwé yẹn nù. Wọ́n ní báwo lòun ṣe fẹ́ sọ ọ́ nù, ṣé mo ti gbàgbé pé gbèsè àwọn èèyàn ṣì wà níwájú ẹ̀ ni.